Bàbá Sálà: aago aláàmù ọwọ́ rẹ̀ àti fíìmù tí wọ́n jí

Àdùnní_Òǹwòran:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bàbá mi fẹ́ràn àwọn aláwàdà orí fóònù púpọ̀. Bí mo bá fi ọ̀kan hàn án, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi yọ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń fi gbẹ̀yìn: "Ọmọ Bàbá Sálà ni gbogbo wọn." Mo wá Bàbá Sálà yìí lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fọ́nrán kékeré kan ni mo rí, àwòrán rẹ̀ ti ṣú. Ọkùnrin kan wọ ṣòkòtò péńpé, ó gbé ojú gíláàsì gbàǹgbà kọ́jú, bóò-táì ọrùn rẹ̀ tóbi bí abẹ̀bẹ̀, aago aláàmù tí èèyàn ń gbé sórí tábìlì ló dè mọ́ ọrùn ọwọ́. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí n kò rí. Ta ni bàbá yìí gan-an? Kí ló ṣe tí ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé fi ń dárúkọ rẹ̀ bí ẹni ń dárúkọ ẹbí? Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi.

Ọmọ_Òṣómàáló:
Àdùnní, o káre tó o béèrè. Ọmọ Iléṣà ni mí, ọ̀rọ̀ bàbá yìí kì í sú mi sọ.

Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ìjẹ̀ṣà ni. Ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 1936 ni wọ́n bí i, ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ló sì papòdà ní Iléṣà, lẹ́ni ọdún 82. Òun ló dá ẹgbẹ́ Aláwàdà sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ Emmanuel, tí àwọn èèyàn mọ̀ sí Boísálà, náà di aláwàdà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò mọ̀ ni pé orin ló fi wọ iṣẹ́ ìdánilárayá. Ó ní ẹgbẹ́ olórin highlife kan láyé ìgbà 1964, Federal Rhythm Dandies lorúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọdé kan wà nínú ẹgbẹ́ yẹn tí kò tíì pé ogún ọdún, tó sá kúrò nílé ìwé ní Òṣogbo, tó ní Yunifásítì Èkó lòun ń lọ, tó jẹ́ pé orin ló ń lé kiri. Sunday Adéníyì ni. King Sunny Adé tí gbogbo ayé ń wárí fún lónìí ni mo ń sọ o. Ní 1967 ó lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Green Spots. Ọ̀gá rẹ̀ ní tirẹ̀ wá gba ojú ọ̀nà àwàdà lọ. Inú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni ọba orin jùjú àti ọba aláwàdà ti jáde. Bí mo bá rántí rẹ̀, ara mi máa ń bù máṣọ.

Onígítà:
Háà! Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń ta gítà, mo mọ orin Sunny látòkèdélẹ̀, n kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ fún un níṣẹ́ dáadáa bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀. Ó wá yé mi nísinsìnyí ìdí tí ọ̀rọ̀ fi máa ń bọ́ sásìkò gẹ́lẹ́ lẹ́nu bàbá náà. Ẹni tó bá ti darí ẹgbẹ́ olórin rí mọ ìgbà tó yẹ kí ohun èlò dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó máa ń ṣáájú kó tó sọ̀rọ̀, ti olórin ni.

Ìyá_Ìbejì:
Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i. Ní àdúgbò tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ilé kan ṣoṣo ló ní tẹlifíṣọ̀n. Onílé náà kì í lé ọmọdé, Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ ẹ. Bí eré Aláwàdà bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbà á gba àga, àwa ọmọdé á tẹ́ra wa sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn tí kò ráyè wọlé á sì rọ̀ mọ́ fèrèsé bí àdán. Bàbá Sálà kò tíì ní sọ nǹkan kan o, kó ṣáà ti yọjú lásán ni, ilé á ti ru.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jí aago aláàmù ìyá wa gbé. Ó fi okùn tí wọ́n fi ń di ẹrù ọjà dè é mọ́ ọwọ́, ó gbé gíláàsì bàbá wa àgbà sójú, ó wá gé páálí bisikíìtì, ó fi ṣe bóò-táì. Ó ń yan nínú àgbàlá, àwa ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, à ń kígbe pé, "Bàbá, kí ni aago wí?" Bó ṣe na ọwọ́ láti wò ó, okùn já. Aago bọ́ sórí sìmẹ́ńtì, awò iwájú rẹ̀ fọ́, ni nǹkan bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún, tí kò dákẹ́ mọ́. Ìyá wa sáré jáde tòun ti ìgbálẹ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi látorí délẹ̀. Ó rí páálí bisikíìtì lọ́rùn rẹ̀, àwòrán bisikíìtì ṣì wà lára rẹ̀. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n jókòó sórí àpótí ìdáná, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ìhà mú. Wọn kò nà án. Aago yẹn kò ṣiṣẹ́ mọ́, wọn kò sì jù ú nù. Ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù títí tí mo fi lọ ilé ọkọ.

Àdùnní, o ní kí ló dé tí bàbá rẹ fi ń pè é bí ẹbí. Òun ni.

Ará_Ìgbàlódé:
Mo kí gbogbo àgbà tó wà níbí. Mo fẹ́ sọ èrò ọkàn mi, kí ẹ má bínú sí mi. Mo wo fọ́nrán tí Àdùnní sọ. Aṣọ ni mo rí: aago ńlá, táì ńlá, gíláàsì ńlá. Bí ẹnikẹ́ni bá múra bẹ́ẹ̀, ṣe wọn ò ní rẹ́rìn-ín ni? Àwọn tòde òní ń fi àwàdà sọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀. Ẹ wo Mr Macaroni, tó dìde lórí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá tó ń fìyà jẹ ọ̀dọ́, tí wọ́n sì kó mọ́ àwọn tí wọ́n mú níbi ìwọ́de ní Lekki ní oṣù Kejì ọdún 2021. Ẹ wo Taaooma: òun nìkan ni ìyá, òun nìkan ni ọmọ, ohùn wọn kò sì jọra. Ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ràn ìgbà èwe yín ni ẹ fi ń gbé bàbá yìí ga?

Akẹ́kọ̀ọ́_Tíátà:
Ará_Ìgbàlódé, ìbéèrè gidi lo béèrè, ó yẹ ká dá ọ lóhùn dáadáa.

Àwọn àgbà tíátà wa, Hubert Ògúndé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀, Oyin Adéjọbí, gbogbo wọn ló ń fi ẹ̀fẹ̀ sínú eré. Ṣùgbọ́n iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni ẹ̀fẹ̀ jẹ́ fún wọn. Ìtàn àwọn ọba, ìtàn inú Bíbélì, ọ̀rọ̀ ìlú, ìwà ọmọ aráyé ni ọbẹ̀ gan-an. Bàbá Sálà ló gbé ẹ̀fẹ̀ karí iná, tó ní òun gan-an ni oúnjẹ, èèyàn á sì yó. Ìgboyà ńlá nìyẹn, torí wọ́n lè sọ pé ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré ló ń sọ, kí wọ́n má sanwó.

Kì í ṣe pé kò níbi tó ti wá o. Àwọn eégún apidán, àwọn alárìnjó, ti ń ṣe irú eré kéékèèké bẹ́ẹ̀ láti ayé Ọ̀yọ́ Ilé. Ní 1826, òyìnbó arìnrìn-àjò kan tó ń jẹ́ Hugh Clapperton dé ọ̀dọ̀ Aláàfin, wọ́n sì ṣeré fún un. Ó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Àwọn eléré kọ́kọ́ fi ejò ńlá kan dárà. Nígbà tó yá, ẹnì kan jáde, tẹ́ẹ́rẹ́, ara rẹ̀ funfun bí ẹni tí wọ́n fi ìda funfun bò. Ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ bí ẹni òtútù ń pa, ó ń fín áásáà, ó ń fẹsẹ̀ lélẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò rìn láìwọ bàtà rí. Òyìnbó ni wọ́n ń sín jẹ, lójú òyìnbó! Àwọn òǹwòran sì ń pe Clapperton pé kó wò ó dáadáa. Ṣé o rí i? Ìrìn ẹsẹ̀ lásán, wọ́n ti sọ gbogbo ohun tí wọ́n rí lára àlejò náà.

Ibẹ̀ ni aago Bàbá Sálà ti wá. Wo ìgbà tó ń dè é mọ́wọ́. Owó epo rọ̀bì ti wọ ìlú láyé 1970 sí 1979, ẹni tó bá rí towó ṣe á ra aago, á ká apá ẹ̀wù sókè kí gbogbo ayé lè rí i. Bàbá Sálà náà wá ra aago. Tirẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sẹ́ni tí kò ní rí i. Ahun ni ẹni tó ń ṣe nínú eré, olójúkòkòrò ni, ó fẹ́ kí wọ́n kà á mọ́ àwọn ọ̀làjú, kò sì fẹ́ náwó kan. Aṣọ náà ti sọ gbogbo rẹ̀ kó tó la ẹnu.

Ọmọ_Òṣómàáló:
Ọmọ ìyá mi, o ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, láyé ìjọba Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Orí rẹ̀ ni àwọn èèyàn ti wá mọ Aláwàdà délé. Ẹni tí kò lè wá sí gbọ̀ngàn, gbọ̀ngàn wá bá a nílé. Ṣùgbọ́n wọn kò fi ojú pópó sílẹ̀ o. Mọ́tò ẹgbẹ́ á gba ìlú kọjá lọ́sàn-án pẹ̀lú gbohùngbohùn lórí, wọ́n á ké sí tọmọdé tàgbà pé eré ń bọ̀ lálẹ́. Bó bá di alẹ́, ìlú á wọ́ tìrìrì lọ.

Àdùnní_Òǹwòran:
Mo ń ka gbogbo rẹ̀, mo dúpẹ́ gan-an. Bàbá mi tún sọ nǹkan kan lánàá. Ó ní, "Fíìmù ló pa á lára." Mo bi í bóyá ó ṣubú níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù ni. Ó mi orí, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Bàbá_Sinimá:
Ọmọ mi, kò ṣubú. Èmi lè sọ èyí, torí mo gbé àgòlò fíìmù kiri nígbà èwe mi, lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tíátà mìíràn. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí owó ṣe ń wọlé nígbà náà, torí bí o kò bá mọ ìyẹn, o kò ní mọ bí ọgbẹ́ náà ṣe jìn tó.

Fíìmù ìgbà yẹn, inú àgòlò irin pẹlẹbẹ ló wà, ó wúwo, ọ̀pọ̀ àgòlò ló sì ń para pọ̀ di fíìmù kan. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Owó gọbọi ni ẹ̀dà kan, nítorí náà ẹ̀dà tí olówó rẹ̀ lè ní kì í pọ̀. Kò sí ẹni tó ń tà á fún ẹnikẹ́ni. Olówó fíìmù fúnra rẹ̀, tàbí ẹbí tó fọkàn tán, ló ń bá a rìn. A ó gbé ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára aṣọ funfun, a ó gbé jẹnẹrétọ̀, a ó wọ ìlú. Gbọ̀ngàn ìlú, gbọ̀ngàn ilé ìwé, ilé sinimá, ibikíbi tí àyè bá gbà. Bó bá di Àjíǹde tàbí Kérésì, National Theatre ní Ìgànmú á kún fọ́fọ́. Èmi ni mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo gba owó, mo ya tíkẹ́ẹ̀tì sí méjì, mo ju ìdajì sínú agolo mílíìkì. Bí eré bá parí, a ka ìdajì tíkẹ́ẹ̀tì, a kà á mọ́ owó. Bó ṣe ń wọlé nìyẹn, lálaalẹ́, ìlú dé ìlú, fún ọdún mélòó kan, kí gbèsè tó tán. Bí ẹni ń fi ife pọn omi kún àmù ni.

Ọlá Balógun, olùdarí fíìmù, ló darí fíìmù Àjàní Ògún, tí òṣèré Adé Love kópa nínú rẹ̀, ní 1976. Ògúndé gbé fíìmù tirẹ̀, Aiyé, jáde ní 1979, àwọn èèyàn wọ́ lọ wò ó. Bàbá Sálà náà pe Ọlá Balógun, wọ́n ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982. Ó yáwó sí i. Fíìmù náà dára. Ìtàn oníṣòwò kan tó ti lówó rí ni, tí oníjìbìtì jẹ run, tó ní kóun kúkú kú, tó wá bá ara rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Bàbá náà ló ṣe ọkùnrin ọ̀hún. Èèyàn ń rẹ́rìn-ín, àánú rẹ̀ sì ń ṣeni.

Àgòlò ṣì ń ti ìlú kan bọ́ sí ìkejì nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò rẹ̀ jáde sígboro. Ẹnì kan ti jí i dà kọ. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn tó rí jájẹ ń ra ẹ̀rọ fídíò sílé, àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń fi kásẹ́ẹ̀tì háyà sì pọ̀ ládùúgbò. Ẹ̀dà kan di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún di ẹgbẹ̀rún. Ẹni méjìlá á kóra jọ sí pálọ̀ kan, wọ́n á wò ó mọ́jú, kò sí kọ́bọ̀ kan tó dé ọwọ́ ẹni tó yáwó. Bí mọ́tò wọn bá dé ìlú, wọ́n á ní, "A ti wò ó." Gbọ̀ngàn ṣófo. Gbèsè kò ṣófo.

Ọkùnrin tí oníjìbìtì jẹ run ló ṣe nínú eré, ni ó wá rí bẹ́ẹ̀ fún un lójú ayé. Títí di òní, bí mo bá rò ó, oorun kì í kùn mí.

Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ o. Ó ṣe Ààrẹ Àgbáyé ní 1983, ó ṣe Mosebọ́látán lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba gbé SAP, ètò àtúnṣe ọrọ̀ ajé, wọlé ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, ta ló tún fẹ́ rí owó fọ fíìmù lókè òkun? Gbogbo ẹgbẹ́ tíátà ló padà wọnú fídíò, fídíò kan náà tó ṣe é ní jàǹbá.

Àdùnní_Òǹwòran:
Háà. Ṣé kò sí òfin ni?

Amòfin_Àdúgbò:
Òfin wà, àbùrò. Òfin kọ́píráìtì, èyí tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ ẹni, ti 1970 ló wà nílẹ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ìjìyà inú rẹ̀ fúyẹ́, kò lè ba ẹni tó ń rówó ńlá nínú olè lẹ́rù. Ẹkún àwọn òṣèré, olórin àti òǹkọ̀wé wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n ṣe tuntun ní 1988, Òfin Nọ́ńbà 47, tí ìjìyà rẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó wà báyìí ni ti 2022 tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023. Ó mẹ́nu ba iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ní tààrà. Gbogbo rẹ̀ ló pẹ́ jù fún Ọ̀run Móoru.

Ayàskit_Ìbàdàn:
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀ láìdásí i. Skit, fídíò àwàdà kéékèèké orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni iṣẹ́ mi, èmi pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi méjì àti fóònù kan. Ohun tí Bàbá_Sinimá sọ yìí gún mi lọ́kàn, torí nǹkan ti yí padà lọ́nà tí kò jọra.

Bàbá Sálà ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ pa mọ́ sínú àgòlò kí ẹnikẹ́ni má baà rí i láìsanwó. Èmi ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá pín in dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ̀rún èèyàn, mo yọ̀. Torí iye ojú tó wò ó ni àwọn olùpolówó ọjà máa ń béèrè kí wọ́n tó pè mí. Ohun tó jẹ́ ikú fún un ni oúnjẹ mi. Ará_Ìgbàlódé, ìdí nìyí tí n kò fi lè gbà pé a ju bàbá náà lọ. Ilẹ̀ tá a dúró lé ló yàtọ̀.

Síbẹ̀, olè náà kò tíì lọ. Lọ́dún tó kọjá, a ya skit kan nípa onílé àti ayálégbé. Ọjọ́ mẹ́ta la fi yà á, òjò ba ọjọ́ kan jẹ́. Ojú ewé kan tó lérò rẹpẹtẹ gbé e, wọ́n fi nǹkan dúdú bo orúkọ wa tó wà nísàlẹ̀, wọ́n fi tiwọn lé e. Tiwọn ni gbogbo ayé wò. Ìyá mi gan-an ló fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé, "Wo àwọn ọmọ yìí, ẹ máa ṣe bíi tiwọn." Èmi ni mo wà nínú fídíò yẹn, tí mo wọ ìró, tí mo fi gèlè bojú. Mo jókòó, n kò lè fèsì. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni ojú ewé náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Wọ́n kà á, wọn kò dáhùn.

Ìyá_Ìbejì:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Àánú rẹ ṣe mí gidigidi. Ṣé o wá sọ fún ìyá rẹ pé ìwọ ni?

Ayàskit_Ìbàdàn:
Mo sọ fún wọn, mà. Wọ́n pè mí lórí fóònù, wọ́n ní kí n ṣe ohùn onílé yẹn kí àwọn fi mọ̀. Mo ṣe é. Wọ́n rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni wọ́n bínú. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní nọ́ńbà àwọn olè náà.

Ará_Ìgbàlódé:
Mo ti padà lọ wo fọ́nrán náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní tòótọ́, nígbà àkọ́kọ́, aago nìkan ni mo wò. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo pa ohùn rẹ̀, mo wo ojú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè láti wo aago, ó sì fi igun ojú wo àwọn tó kù bóyá wọ́n rí i pé òun ní aago. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni. Mo mọ ọkùnrin yẹn. Ọ̀gá kan wà níbi iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe, bó ṣe ń gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì nìyẹn gẹ́lẹ́. Mo ṣì fẹ́ràn àwọn tòde òní o. Ṣùgbọ́n mo gba ọ̀rọ̀ "aṣọ lásán" tí mo sọ padà.

Ọmọ_Òṣómàáló:
Ọlọ́run á bùkún fún ọ. Igun ojú yẹn gan-an ni.

Àdùnní_Òǹwòran:
Ẹ káalẹ́ o. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ fún bàbá mi lálẹ́ yìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ aago ìyá Ìyá_Ìbejì títí ikọ́ fi mú wọn. Nígbà tí mo dé ibi tí Bàbá_Sinimá ti sọ̀rọ̀ pálọ̀ àti kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kí n dúró ná. Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ń fi etí ẹ̀wù nù ún.

Wọ́n ní, "Kásẹ́ẹ̀tì ni mo fi wò ó." Wọ́n ní àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn mẹ́fà ló dá owó jọ, tí wọ́n fi háyà rẹ̀ fún òru ọjọ́ kan, nílé ọ̀gá wọn tó ní ẹ̀rọ. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ilẹ̀ tó mọ́ kí wọ́n lè jẹ owó wọn tán. Wọ́n ní kò sí ẹnì kankan nínú àwọn tó rò ó wò pé olè ni, torí ṣọ́ọ̀bù tó ní bóòdù, tó ń jáwèé owó fún èèyàn, ni wọ́n ti gbà á. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mọ́tò Aláwàdà wọ ìlú wọn. Wọ́n gbọ́ gbohùngbohùn láti inú yàrá. Wọn kò lọ.

Wọ́n ní kí n bi yín bóyá ẹnì kan mọ ibi tí èèyàn ti lè sanwó wò ó báyìí.